Àga kan ṣoṣo tí Kàlàbá ní: ẹ jẹ́ ká dìbò níbi tí à ń gbé

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Kàlàbá ń san owó orí níbí. A kọ́lé síbí, a bímọ síbí, a sì ti sin òkú wa síbí. Àmọ́ bí ọjọ́ ìdìbò bá dé, púpọ̀ nínú wa a tilẹ̀kùn mọ́rí, wọn a sùn. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "Àlejò ni wá. Òṣèlú ilé onílé kò kàn wá." Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ ta kò nínú ìwé ìrántí ọdún yìí, ìtàn Kàlàbá fúnra rẹ̀ ni a ó sì fi ta kò ó.

Ní 1922, Gómìnà Hugh Clifford gbé òfin ìpìlẹ̀ tuntun kalẹ̀ fún Nàìjíríà, ó sì dá Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sílẹ̀ ní Èkó. Ènìyàn 46 ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Mẹ́rin péré ni ará ìlú fi ìbò yàn. Èkó mú mẹ́ta, Kàlàbá mú ọ̀kan. Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kò ní ẹyọ kan. Abẹ́òkúta kò ní. Kano kò ní. Gómìnà fúnra rẹ̀ ló ń ṣòfin fún Àríwá. Kàlàbá nìkan ni ẹkùn ìdìbò oníjókòó kan ṣoṣo ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Kàlàbá? Ìlú yìí ni olú-ìlú ìjọba Gúúsù títí di 1906. Èbúté ni, ìlú òwò ni, ilé ẹ̀kọ́ Hope Waddell sì ti wà níbẹ̀ láti 1895. Akọ̀wé, oníṣòwò àti lọ́yà láti oríṣiríṣi ìlú etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló kóra jọ síbẹ̀. Lọ́rọ̀ kan, ìlú tí àlejò pọ̀ sí ni, bó sì ṣe rí nìyẹn títí di òní.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò? Òfin ní kí onítọ̀hún jẹ́ ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 21, kó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí tàbí ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó ti gbé ìlú náà fún oṣù 12, kí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún má sì dín ní £100. Òfin kò béèrè ibi tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ibi tí baba rẹ̀ ti wá. Oṣù méjìlá ní ìlú ló béèrè. Àwọn mìíràn wà nínú wa tó ti lo ogójì ọdún ní Kàlàbá tí wọ́n ṣì ń pe ara wọn ní àlejò lọ́jọ́ ìdìbò.

Ẹ wo ẹni tó gba àga Kàlàbá ní 1923: Kwamina Ata-Amonu. Ẹni tó bá ti dé Gánà rí mọ̀ pé orúkọ yìí kì í ṣe ti Ẹ̀fíìkì, orúkọ àwọn Fante ni. Ní Èkó lọ́dún kan náà, lára àwọn mẹ́ta tó wọlé ni Egerton Shyngle, ẹni tí wọ́n bí sí Gambia, àti Dókítà Adeniyi-Jones, ẹni tí wọ́n bí sí Sàró. Ìlú tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ni wọ́n lọ ṣojú fún.

A kò sọ pé ayé ìgbà náà dára o. Àga Kàlàbá yẹn kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ń ru ẹrù ní èbúté kò lè ní £100 lọ́dún, ìyá tó ń tajà lọ́jà kò sì ní ìbò rárá, bó ti wù kó lówó tó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dìbò lọ, láti 1923 sí 1928, 1933 àti 1938. Òfin ìpìlẹ̀ Richards ti 1946 ló tó dín owó náà kù sí £50 kí wọ́n tó dìbò ní 1947. Ní 1951, òfin Macpherson pa Ìgbìmọ̀ Aṣòfin náà rẹ́, àga Kàlàbá sì bá a lọ. Ó di 1954 kí tọkùnrin tobìnrin ní Ẹkùn Ìlà-Oòrùn tó dìbò fúnra wọn sí Ilé Aṣojú-ṣòfin, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè iye tó ń wọlé fún wọn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí tálákà àti obìnrin tó rí ohun tí àwa fi ń sùn gba.

Àwọn kan yóò ní ayé ti yí padà, pé ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú ni wọ́n ń béèrè báyìí. Òótọ́ ni pé ìwé yẹn ń yọ àwọn ọmọ wa lẹ́nu bí wọ́n bá fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́ tàbí gba iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba ìbò lọ́wọ́ yín. Abala 77 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé Nàìjíríà, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò. Abala 65, tó sọ irú ẹni tó lè du Ilé Aṣojú-ṣòfin, kò dárúkọ ọmọ onílùú rárá. Ipò mínísítà ni òfin yẹn ti béèrè ìpínlẹ̀ ẹni.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí a kò ní gbé mì. Nígbà ìdìbò Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó ní 1923 ọ̀rúndún tó kọjá, ẹni tí wọ́n bí sí Gambia ti di aṣojú Èkó. Àmọ́ nígbà ìdìbò gómìnà ti 2023, wọ́n lé àwọn kan kúrò ní ibùdó ìdìbò nítorí pé ojú tàbí orúkọ wọn jọ ti ẹ̀yà mìíràn. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa ní Kàlàbá, a kò gbọdọ̀ gbè é lẹ́yìn ní Èkó. Ẹnu kan kì í sọ méjì.

Àwọn tó ní ẹ̀rù ń bà wọ́n kò jẹ̀bi, nítorí a ti rí wàhálà ìdìbò rí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú kan kọ́rùn, ẹgbẹ́ wa kò sì ní pàṣẹ ẹni tí ẹ ó dìbò fún. Ẹ̀yin tí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Iléṣà, ẹ rò ó wò: wọ́n máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò. Bí ẹ kò bá ti dé ilé ṣáájú, ìbò yín ti ṣòfò. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì INEC, kí wọ́n gbé orúkọ yín wá síbi tí ẹ ń gbé. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ti rú òfin.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti pé ọdún méjìdínlógún, ẹ gba káàdì ìdìbò yín. Gọ́tà tó dí níwájú ṣọ́ọ̀bù yín kì í béèrè ìlú baba yín kó tó kún wọlé. Ẹni tí yóò tún un ṣe, tàbí tí yóò pa á tì, ìbò ló ń gbé e wọlé. Ilé là ń lọ, a kò gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n kí a tó délé, ẹ jẹ́ ká ní ohùn níbi tí a wà.