Ẹ Mú Àlejò Kan Dání Lọ Sétí Omi

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Houston, Katy, Richmond, Dallas àti gbogbo ibi tí Yorùbá fìdí kalẹ̀ sí ní ìpínlẹ̀ Texas, ẹ̀yin tí ọ̀pá ìwọ̀ wà ní gáréèjì yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹ lọ pẹja kẹ́yìn, ta ni ẹ mú dání?

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé àwa nìkan là ń dá lọ. A ó jí ní ìdájí, a ó gbé kúlà sẹ́yìn ọkọ̀, a ó rọra pa ilẹ̀kùn dé kí àwọn ará ilé má baà jí. Ara àwọn tí a fi sílẹ̀ sórí ibùsùn yẹn ni Bàbá tó ti Ìgbókòdá tàbí Ẹ̀pẹ́ wá kí ọmọ-ọmọ wọn, àwọn tó mọ ẹja pa kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Oṣù 6 ni òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, kò sí ibi tí wọ́n mọ̀ ju yàrá, pálọ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Wọn ò lè wa mọ́tò níbí, kò sí ọ̀kadà tí wọ́n lè gùn, kò sí ojúlé tí wọ́n lè yà sí láti ta ayò. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí oṣù kẹta tó pé, wọ́n á ti máa béèrè ìgbà tí a ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàlọ. Àwọn ọmọ á ní Bàbá ò gbádùn Amẹ́ríkà. Bàbá ò tíì rí Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe àwọn àgbà nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá kàwé, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú, púpọ̀ nínú wọn ló ń wo omi láti ojú fèrèsé ọkọ̀, tí wọ́n sì ń kọjá lọ. Mo ti bá àwọn kan nínú wọn sọ̀rọ̀. Owó kọ́ ló ń dí wọn lọ́wọ́, ẹ̀rù ni. Wọn ò mọ omi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti onílẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ nípa láísẹ́ńsì, wọ́n ti gbọ́ nípa gémù wọ́dìn, agbófinró tó ń ṣọ́ omi àti igbó. Ẹni tó jẹ́ àlejò nílùú, tí àwọ̀ àti ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó bá létí omi, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ yunifọ́ọ̀mù wá bi òun ní ìbéèrè tí òun ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Èmi ò dá wọn lẹ́bi rárá. Àmọ́ bí ẹni tó mọ̀nà bá dúró tì wọ́n, ẹ̀rù yẹn á kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ ẹni yẹn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìpínlẹ̀ yìí ti ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ tipẹ́, a ò kàn sọ fún ara wa ni. Ní Texas, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 kò nílò láísẹ́ńsì láti pẹja, ìbáà jẹ́ ọmọ ibí, ìbáà jẹ́ ọmọ tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Àgbàlagbà nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin yọ ibì kan sílẹ̀: bí ènìyàn bá dúró sí etí omi tàbí orí afárá ìpẹja nínú páàkì ìpínlẹ̀, àwọn tí iléeṣẹ́ Texas Parks and Wildlife ń bójú tó, kò nílò láísẹ́ńsì kankan. Wọn kò béèrè bóyá ọmọ Texas ni tàbí àlejò tó dé láti Èkó ní ìjẹta. Owó ẹnu ọ̀nà páàkì nìkan ni yóò san, níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á. Bàbá yín lè sọ ìwọ̀ sómi ní wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ dé ibẹ̀.

Àwọn páàkì náà kò sì jìnnà. Brazos Bend wà ní ẹ̀gbẹ́ Needville, kò tó wákàtí kan sí àárín ìlú Houston. Sheldon Lake wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìlú náà, wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ omi iyọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Galveston Island. Àwọn ará Dallas ní Cedar Hill létí adágún Joe Pool. Ní ti ohun èlò, ọ̀pọ̀ páàkì ló ní ètò yíyá ọ̀pá. Wọ́n á fún yín ní ọ̀pá, ìwọ̀, òjé àti ohun tí í máa léfòó lórí omi, bí ìgbà tí ènìyàn yá ìwé ní láíbìrì. Ẹ ó fi ìwé ìdánimọ̀ hàn, ẹ ó buwọ́ lùwé, ẹ lè lò ó fún ọjọ́ 7. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ tó lọ, kí ẹ mọ̀ bóyá ọ̀pá wà nílẹ̀.

Ní Brazos Bend, ọ̀nì wà nínú omi, ó pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ẹ ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ, ẹ má sì ju ìfun ẹja sínú omi. Ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Ẹ sọ ọ́ fún àlejò yín nínú ọkọ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní sá, ẹni tí kò gbọ́ kò ní gbà fún yín láti mú òun padà wá.

Bí ó bá jẹ́ àwọn adágún àárín ìlú lẹ fẹ́ lọ, irú èyí tó wà ní Mary Jo Peckham Park ní Katy, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Neighborhood Fishin', lábẹ́ rẹ̀ ni ìjọba ti ń da ẹja sínú irú adágún bẹ́ẹ̀. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń dà sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná, àyàfi oṣù Ògọ́ọ̀sì tí ooru máa ń pọ̀ jù. Nígbà òtútù, ẹja tráọ̀tì ni. Àrọ̀ kan náà tí à ń jẹ nílé, tàbí kí n sọ pé ìbátan rẹ̀, wọ́n sì dà á síbẹ̀ kí ènìyàn lè pa á, kó gbé e lọ sílé, kó sè é jẹ. Ẹnìkan lè kó àrọ̀ 5 lóòjọ́. Ìwọ̀ nìkan ni òfin gbà, ẹnìkan ò gbọdọ̀ lò ju ọ̀pá 2 lọ. Bàbá tó bá ti Ìlàjẹ wá yóò béèrè àwọ̀n, ẹ ṣàlàyé fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Níbẹ̀, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, àlejò yín náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má sọ pé "ẹ bá mi di ọ̀pá yìí mú díẹ̀" fún ẹni tí kò ní i, torí ẹni tó di ọ̀pá mú ti ń pẹja nìyẹn. Láísẹ́ńsì ọjọ́ kan wà fún irú àlejò báyìí, ènìyàn sì lè rà á lórí fóònù tàbí ní ilé ìtajà Walmart àti Academy. Ẹni tí kò tíì gbé Texas ju oṣù 6 lọ, láísẹ́ńsì àlejò ni òfin ní kó rà, èyí sì wọ́n ju ti onílé lọ. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé láísẹ́ńsì ọdọọdún tí àwọn ènìyàn ń rà jù máa ń parí ní 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì, ìgbà yòówù kí ènìyàn rà á. Ẹni tí ẹ bá jẹ́ kó rà á ní oṣù Júláì yóò rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ ni. Ọjọ́ kan tàbí páàkì ìpínlẹ̀ ló dára jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí a gbà pé ẹ̀tọ́ wa ni omi wọ̀nyí, kì í ṣe ojúure tí ẹnìkan ń ṣe wá. Láti ọdún 1950 ni òfin ìjọba àpapọ̀ kan ti wà tó ń mú kí owó orí 10% wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun èlò ìpẹja, tí owó náà sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ láti tọ́jú omi àti ẹja. Ọ̀pá tí ẹ rà ní Ààwẹ̀ tó kọjá, ìwọ̀ tí ọmọ yín sọ nù sínú igi, gbogbo rẹ̀ ló ti dá sí owó náà. Kí ló dé tí àwọn ará wa yóò fi máa wo ibi tí owó wọn wà bí ẹni ń wo ọgbà olówó?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òfin omi ti pọ̀ jù fún àlejò láti mọ̀, ẹ rán an létí Òṣogbo. Ta ló ń pẹja nínú igbó Ọ̀ṣun? Wọ́n ti kọ̀ ọ́ fún wa láti àtètèkọ́ṣe, gbogbo ènìyàn ló mọ̀, ọmọdé sì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Òfin omi kì í ṣe tuntun sí ọmọ Yorùbá. Ohun tó ṣe tuntun ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ó mú wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi ọjọ́ yẹn wá ẹja ńlá tí ẹ ó ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbàgbé ẹja báàsì fún ọjọ́ kan. Ọ̀pá kúkúrú tó ní bọ́tìnì tí ènìyàn kàn ń tẹ̀ ni kí ẹ gbé fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi ekòló tàbí ẹ̀dọ̀ adìẹ ṣe ìjẹ, kó sọ ọ́ sítòsí, kó jókòó. Wákàtí méjì tó. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtù tàbí kí oòrùn tó wọ̀, torí ọ̀sán Texas lè mú kí ènìyàn kórìíra omi títí ayé. Bí okùn rẹ̀ bá lọ́, ẹ tú u fún un, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ó bá fa àrọ̀ jáde, ẹ fi hàn án bí a ṣe ń dì í mú kí ẹ̀gún apá rẹ̀ má gún un. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé obìnrin ò ní láti jókòó sí ìdí kúlà. Màmá tó ta ẹja ní ọjà Ẹ̀pẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún mọ ohun tó wà nínú omi ju ọ̀pọ̀ àwa tí à ń fi ọ̀pá olówó gọbọi yangàn lọ.

Ibi kan wà tí mi ò ní fi ọ̀rọ̀ rọ̀ yín, n ó kìlọ̀ ni. Ilé tí olójòjò wà, ọbẹ̀ ẹja ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ Texas ti kìlọ̀ nípa jíjẹ ẹja àrọ̀ inú Galveston Bay, àti nípa gbogbo ẹja inú Houston Ship Channel, nítorí májèlé àwọn iléeṣẹ́ tó ti wọ inú omi náà. Ìkìlọ̀ náà le jù fún aboyún, obìnrin tó ṣì ń bímọ àti ọmọdé. Ẹ má gbé ẹja ibẹ̀ wọ ilé olójòjò. Ti adágún inú páàkì ni kí ẹ wá lọ.

Sí ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí: lọ́dọọdún, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Júùnù, gbogbo omi ìjọba ní Texas ló ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láìsí láísẹ́ńsì. À ń gba gbọ̀ngàn fún ayẹyẹ, à ń yan aṣọ ẹbí, à ń san owó ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọjọ́ yìí kò ná wa ní ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ láti oṣù Jánúárì, ẹ ní kí àwọn tó mọ ẹja pa gba àlejò kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ní ọkọ̀ ńlá lọ gbé àwọn àgbà. Bí ẹnìkan bá kàn fẹ́ jókòó wòran, ẹ jẹ́ kó wòran. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń wòran lẹ́ẹ̀kan kó tó béèrè ọ̀pá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà, ẹ béèrè. Ẹ̀gbọ́n tó ń fi fọ́tò ẹja sórí WhatsApp ní gbogbo Sátidé yóò dùn láti gbọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dání lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń lọ." Àwa tí à ń dá nìkan lọ, ọ̀pọ̀ wa kò mọ ẹni tó ń retí ìpè wa.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mú Bàbá tàbí Màmá lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gbé àga alápadé tó ní ẹ̀yìn, ẹ gbé fìlà, omi tútù àti oògùn wọn, ẹ wá ibi tí ilé ìtọ̀ kò jìnnà sí. Ẹ fún wọn ní ọ̀pá tó dára jù nínú méjèèjì.