Ọ̀rá Píọ̀-wọ́tà Pa Wá Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò dùn mọ́ wa láti sọ, nítorí pé àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Ẹ ó rántí pé a lọ bá àwọn aláṣẹ lórí èéfín dúdú tí ó ń bà sórí aṣọ tí a sá ní Itele, tí àwọn ọmọ wa sì ń tìtorí rẹ̀ wúkọ́. A ti kọ ìwé, a sì kà á fún wọn ketekete. Nígbà tí a parí, máníjà kò jiyàn rárá. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé, ó sì nawọ́ sí gọ́tà ẹ̀yìn kàntíìnì wa. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ni ó kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó ní, "Ẹ̀yin aṣojú òṣìṣẹ́, ṣé èmi ni mo mu gbogbo omi yìí?" Kò sí ẹni tí ó lè fèsì nínú wa. Ibẹ̀ ni ìpàdé ọjọ́ náà parí sí.

A kò sọ pé máníjà jàre o. Èéfín ilé-iṣẹ́ ju ọ̀rá lọ, ẹni tí ó ń jẹ èrè ni ó sì yẹ kí ó tún ọ̀pá èéfín rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àwa ni a fún un ní ohun tí ó fi pa wá lẹ́nu mọ́.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé, "Ọ̀rá kan ṣoṣo tèmi, kí ni ó lè ṣe?" Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó ofatáìmù. Ká ní àwa 200 ni a wà ní ṣífùtì kan, tí olúkúlùkù sì mu mẹ́rin lójúmọ́, 800 nìyẹn. Ní ọjọ́ mẹ́fà, ó di 4,800. Ọ̀rá kì í sì í jẹrà bí ewé.

Àwọn àgbà inú wa kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Wọ́n ti ń da pàǹtí sínú odò náà tipẹ́, wọ́n sì ti kọ́lé dé bèbè rẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá dé, omi kò rí ọ̀nà gbà, ó bá wọ inú ilé. Ènìyàn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn yìí kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi owó àjẹmọ́nú kọ́ yàrá méjì mẹ́ta sí ilẹ̀ àbàtà Itele, nítorí pé owó ilé Èkó lé wa dé ibẹ̀.

Èyí tí ó tilẹ̀ ń bí wa nínú jù ni iná ìrọ̀lẹ́. A ó ti ibi iṣẹ́ dé, a ó gbá ọ̀rá, ike àti bàtà rọ́bà jọ sí ẹ̀yìnkùlé, a ó sì ṣáná sí i. Oró ni èéfín ike, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé jẹ́. Ilẹ̀ á mọ́, a ó tún kọ ìwé sí máníjà nípa èéfín!

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó bá wa pààlà ní Ayobo, fi òfin de abọ́ fọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìíní, ọdún 2024. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò dúró de òfin kí wọ́n tó fi ewé eéran pọ́n ẹ̀kọ, abọ́ ilé ni wọ́n sì fi ń rán wa lọ ra ẹ̀wà. Kí ni ó ń ṣe wá tí a kò fi lè gbé abọ́ tiwa lọ bá ìyá olóúnjẹ?

Ti omi ni ó le díẹ̀. Ẹni tí kò ní omi ẹ̀rọ tí ó ṣeé mu, kò sí bí kò ṣe ní ra píọ̀-wọ́tà. Nítorí náà, ìwé tí a ó tún kọ yóò ní ẹ̀bẹ̀ méjì: kí wọ́n tún ọ̀pá èéfín ṣe, kí wọ́n sì gbé táǹkì omi mímu sí kàntíìnì. Ife lọ́wọ́ olúkúlùkù, ìyẹn tiwa.

A ti so àpò ńlá méjì mọ́ ẹnu ọ̀nà kàntíìnì. Inú rẹ̀ ni kí ẹ máa ju ọ̀rá sí, nítorí pé àwọn kan ń rà á níwọ̀n ní Ṣàngó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n yóò ra ọṣẹ ìfọwọ́. Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, lẹ́yìn ṣífùtì òwúrọ̀, a ó jọ kó gọ́tà náà. Kí ẹni tí ó bá ní ṣọ́bìrì mú un wá. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó tẹ̀ lé e ni a ó padà sọ́dọ̀ máníjà, a ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó tún ṣí fèrèsé náà.