Sítíárìn olówó gọbọi lọkùnrin yìí rà, irin tó máa gbé e dúró ni kò rà

Ọkùnrin kan wà l'Ékòó tó máa ń tọ́jú mọ́tò rẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Honda Accord 2004 ni mọ́tò ọ̀hún, èyí táwọn ará ìgboro sọ ní "End of Discussion". Gbogbo ara ẹ̀ ló ń dán, àfi sítíárìn ẹ̀ nìkan. Awọ tó wà lára sítíárìn náà ti ń bó bí ẹ̀pà sísun, tí oòrùn bá sì ti mú, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó tún wá dá kún un ni pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan níbi iṣẹ́ fi sítíárìn kékeré kan tí wọ́n fi òwú pupa rán sínú mọ́tò tiẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wọ inú ẹ̀ ló ń yìn ín. Láti ọjọ́ yẹn lọkàn ọkùnrin wa yìí ò ti balẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe sanwó oṣù báyìí, ọjà àwọn tó ń ta páàtì ló gbà lọ. Momo ló ní òun fẹ́, ìyẹn sítíárìn táwọn ará Ítálì ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1960, táwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje fẹ́ràn gan-an. Owó tó kó lé e lé ní ìdajì owó oṣù ẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ mọ iye tó jẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, òun àtìyàwó ẹ̀ jọ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wọn, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé Honda nìkan ló máa ń tún ṣe. Ọkùnrin náà yọ sítíárìn jáde nínú páálí, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Bàbá, ẹ bá mi dè é mọ́ ọn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Bàbá gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ó dáa, ọ̀gá mi. Boss ẹ̀ ńkọ́?"

"Boss bí i ti báwo? Ṣebí èmi ni boss."

Ni gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín tiẹ̀, ló bá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un.

Ṣé ẹ rí i, sítíárìn tí kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì tó ṣe mọ́tò kì í dá wọ ọ̀pá sítíárìn. Ihò mẹ́fà ló máa ń wà láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn, bóòtù wẹ́wẹ́ ló sì máa ń wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ọ̀pá tó jáde látinú mọ́tò, eyín wẹ́wẹ́ ló yí i ká, nọ́ọ̀tì tàbí bóòtù ńlá kan ló sì máa ń dè é láàárín. Irin tó máa so àwọn méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ń pè ní boss. Ẹ̀yìn ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá eyín ọ̀pá mọ́tò mu, iwájú ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ihò sítíárìn mu. Sítíárìn kan náà lè wọ Toyota, kó wọ Honda, kó wọ Golf, boss ló máa yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé boss lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá, kó tó náwó sórí sítíárìn.

Ọkùnrin náà tún sáré padà sọ́jà. Ọmọkùnrin tó ta sítíárìn fún un ní kó fọkàn balẹ̀, ó ní boss kan wà nílẹ̀ tó máa ń wọ gbogbo Honda. Irọ́ gbuu ni. Orúkọ kọ́ làá fi ra boss, irú mọ́tò àti ọdún tí wọ́n ṣe é làá fi rà á. Nígbà tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó wọlé díẹ̀, ó há. Ni ọmọ iṣẹ́ kan bá fa òòlù yọ.

"Gbé òòlù yẹn sílẹ̀!" Bàbá pariwo débi pé àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú.

Kì í ṣe pé bàbá ń bínú lásán o. Tí wọ́n bá fi òòlù lu boss wọlé, eyín tó wà lórí ọ̀pá máa jẹ. Ọ̀pá yẹn fúnra ẹ̀, wọ́n ṣe é kó lè ká wọlé tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, kó má baà gún awakọ̀ láyà, òòlù sì lè ba ètò yẹn jẹ́. Eyín tó ti jẹ lè dúró fún oṣù kan tàbí méjì. Ọjọ́ tó bá máa yẹ̀, ó lè jẹ́ orí Third Mainland Bridge ni. Èèyàn á yí sítíárìn sápá òsì, sítíárìn á yí, táyà ò ní yí.

Wàhálà kejì ni ti ihò. Momo àti Sparco, mílímítà 70 ni wọ́n fi ń wọn òbìrí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ti Nardi, 74 ni. Mílímítà mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn, ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n bóòtù ò ní wọlé. Ti Nardi ni wọ́n kó fún ọkùnrin yìí. Àwọn oníṣẹ́ kan á ní káwọn fi ẹ̀rọ lu ihò mìíràn sí i, ẹ má gbà fún wọn, torí irin tí wọ́n bá lu ihò méjì sí tó ṣúnmọ́ra bẹ́ẹ̀ ò lágbára mọ́. Boss wà lọ́jà tí wọ́n ti lu ihò 70 àti 74 sí láti ilé iṣẹ́, irú ẹ̀ ló dáa.

Títóbi sítíárìn náà tún ṣe pàtàkì. Tí ti kọ́ńpìnnì bá tó mílímítà 380, tí wọ́n wá fi 330 sí i, ó máa wúwo láti yí, pàápàá tí mọ́tò bá dúró sójú kan, ó sì lè bo aago tó ń sọ iye eré tí mọ́tò ń sá. Bẹ́ẹ̀ boss tó bá gùn jù á ti sítíárìn mọ́ àyà awakọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò sì ní tó ọ̀pá tíráfíkétọ̀ dáadáa. Boss tó dáa gbọ́dọ̀ ní ibi tí wáyà fèrè máa gbà, àti èyí tó máa ń dá tíráfíkétọ̀ padà tí mọ́tò bá ti yà tán.

Gbogbo èyí tí wọ́n ń sọ, ìyàwó ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò dá sí i. Ìgbà tí bàbá sọ pé airbag máa kúrò ló tó dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Bàbá tún un sọ. Láàárín sítíárìn tó bá mọ́tò wá ni airbag awakọ̀ wà. Tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ó máa ń wú jáde kíákíá, àsìkò tó fi ń wú ò tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá. Láti ọdún 1987 sí 2017, ẹ̀mí tó lé ní 50,000 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé airbag iwájú gbà là lọ́dọ̀ wọn. Momo tí ọkùnrin yìí rà ò ní in. Iná airbag á máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn rewáyà lè so resistor kékeré kan mọ́ wáyà kí iná náà lè kú, ṣùgbọ́n iná ló kú yẹn, airbag ò padà wá.

"Dádì," obìnrin náà ní, "ẹ̀yin lẹ máa ń wa mọ́tò yìí gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ni òwú pupa yẹn fẹ́ ṣe fún yín?"

Ọkùnrin náà ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Ó ní ṣebí wọ́n ní airbag Honda kan máa ń ju irin séèyàn lójú, àbí kò sàn kóun yọ ọ́ dànù? Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, kẹ́míkà inú ẹ̀ máa ń bà jẹ́ níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀, àgọ́ ẹ̀ sì lè bẹ́ kó fọ́n irin ká. Àìmọye mílíọ̀nù mọ́tò ni wọ́n pè padà káàkiri ayé torí ẹ̀, ọ̀pọ̀ Accord 2001 sí 2007 wà nínú wọn. Takata fúnra ẹ̀ wọko gbèsè lọ́dún 2017.

Ṣùgbọ́n èsì tí bàbá fún un nìyí: "Ọ̀gá mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Ó ní kó wo nọ́ńbà ṣáàsì ẹ̀, kó fi wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níbi tí àjọ NHTSA ti Amẹ́ríkà máa ń kọ irú ẹ̀ sí, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ kan bá a wò ó lójú ẹsẹ̀. Orí bá a ṣe é, wọ́n ti bá a pààrọ̀ tiẹ̀ lọ́hùn-ún kí mọ́tò náà tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ká ní wọn ò tíì pààrọ̀ ẹ̀ ni, pípààrọ̀ ni ì bá ṣe, kì í ṣe pé kó yọ ọ́ kó sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, airbag àlòkù tí wọ́n yọ lára mọ́tò mìíràn, tí wọ́n ń tà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá.

Ibi tọ́rọ̀ parí sí nìyí. Bàbá yọ ìdí bátìrì, ó dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó kù nínú airbag lè tán, ó wá tú sítíárìn àtijọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rán àga mọ́tò, wọ́n fi awọ tuntun rán an yíká, wọn ò fọwọ́ kan àárín níbi tí airbag wà. Òwú pupa ni wọ́n fi rán an. Owó tí wọ́n gbà ò tó nǹkan kan lára owó Momo.

Momo ọ̀hún ńkọ́? Ẹnì kan tó ní Volkswagen ìjàpá, tí kò ní airbag látilẹ̀, ló rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Boss tó máa wọ ìjàpá onítọ̀hún ló kọ́kọ́ rà, kó tó wá sanwó sítíárìn.