Ìkòkò Kan fún Oúnjẹ Alẹ́: Sìpàgẹ́tì àti Adìẹ

Oúnjẹ ọdún àti oúnjẹ àlejò ni a sábà máa ń yìn nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdáná: iyán, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran àgbò. Lónìí, oúnjẹ ọjọ́ Ajé àti ti Ọjọ́rú ni a fẹ́ fi ẹnu bà, èyí tí a ń sè nígbà tí oòrùn ti wọ̀, tí àárẹ̀ ọjà ti mú ìyá, tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, tí àwọn ọmọ sì ń béèrè pé, "Kí ni a ó jẹ?"

Àwọn àgbà ní, ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tí ebi ń pa ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu kì í dúró de ìkòkò tí yóò lo wákàtí méjì lórí iná. Yóò gba kafetéríà ẹ̀bá ọ̀nà lọ, yóò ra búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Nígbà tí oúnjẹ ilé bá fi máa jinná, ọ̀kan ti yó, èkejì ti sùn, ẹ̀kẹta ti tẹjú mọ́ fóònù. Gbogbo wọn jẹun, ṣùgbọ́n wọn kò jẹun pọ̀.

Ohun tí ń bọ́ lọ́wọ́ wa níbẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wa ń gbọ́ láti òwúrọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìdí abọ́ alẹ́ nìkan ni ó kù tí wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá tí ó gún régé lẹ́nu àgbà, tí wọ́n sì ti ń dá a lóhùn. Bí a bá rí oúnjẹ tí yóò jinná nínú ìkòkò kan ṣoṣo kí wákàtí kan tó pé, àkókò tí ó ṣẹ́ kù di ti ẹbí. Ìdí nìyí tí mo fi mú sìpàgẹ́tì àti adìẹ wá.

Àsáró ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀

Àwọn kan yóò sọ pé oúnjẹ òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé ìyẹ̀fun àlìkámà líle ni a fi ń ṣe sìpàgẹ́tì, àwọn ará Ítálì ni wọ́n sì sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fẹ́ gbà sè é yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá mọ àsáró sè ti mọ̀ ọ́n. A kì í bọ iṣu àsáró lọ́tọ̀, kí a da omi rẹ̀ nù, kí a tó wá ọbẹ̀ tí a ó fi jẹ ẹ́. Inú omi ata àti epo ni iṣu náà ti ń jinná. Bí ó ti ń jinná, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tú sínú omi, omi náà ń ki, ó sì ń di ọbẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ iṣu. Bákan náà ni a ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ nínú ìkòkò kan, oúnjẹ tí a mọ̀ sí atasí ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ní ọdún 2013, ìwé ìròyìn Martha Stewart Living ní Amẹ́ríkà tẹ irú ìlànà yìí jáde: pásítà, tòmátò, àlùbọ́sà, ààyù àti ewé tí àwọn elédè Faransé ń pè ní basilic, gbogbo rẹ̀ nínú páànù kan pẹ̀lú omi. Ìlànà náà tàn káàkiri ayé bí ohun tuntun. Àwọn ìyá tí ń se àsáró ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní rí ohun ìyanu níbẹ̀. Ewé basilic náà pàápàá, ìbátan efínrín wa ni. Àwọn onímọ̀ ewéko ka àwọn méjèèjì mọ́ ẹ̀yà kan náà, Ocimum. Nítorí náà, efínrín ni a ó lò.

Àwọn èlò, fún ènìyàn 6

Adìẹ tí a gé sí wẹ́wẹ́, kílò 1. Itan ni ó dára jù, nítorí kì í tètè gbẹ.
Sìpàgẹ́tì, gíráàmù 500.
Tòmátò pupa 5, tàtàṣé 1, àti ata rodo bí ẹnu bá ṣe gbà á.
Tòmátò inú agolo kékeré 1, oní gíráàmù 70.
Àlùbọ́sà 2, ọmọ ààyù 3, àti ata ilẹ̀ tí ó tó àtàǹpàkò.
Òróró ẹ̀pà, ṣíbí ìjẹun 4.
Kárọ́ọ̀tì 2 àti ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ 1.
Omi, lítà 1 àti ààbọ̀.
Iyọ̀, thym díẹ̀, àti ewé efínrín ẹ̀kúnwọ́ kan.

Bí a ó ṣe sè é

Ẹ gún ààyù àti ata ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ààbọ̀ àlùbọ́sà kan, kí ẹ fi pa adìẹ lára pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá lè ṣe èyí láti alẹ́ àná kí ẹ sì gbé e sínú fìríìjì, adùn rẹ̀ yóò wọ ẹran dáadáa. Bí kò bá sí àyè, ìṣẹ́jú 10 tó.

Ẹ gbé ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀, ka iná. Nígbà tí òróró bá gbóná, ẹ to adìẹ sí i láìjẹ́ kí wọ́n gun ara wọn. Ẹ má ṣe yára yí i. Ẹ jẹ́ kí apá kan pọ́n dáadáa kí ẹ tó yí èkejì. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 ni yóò gbà. A kò tíì fẹ́ kí ó jinná, àwọ̀ àti òórùn ni a ń wá. Ẹ kó o sínú abọ́. Ohun tí ó bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ dànù, nítorí ibẹ̀ ni adùn ọbẹ̀ wà.

Nínú òróró kan náà, ẹ din àlùbọ́sà tí ó kù títí yóò fi rọ̀. Ẹ da tòmátò inú agolo sí i, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú 3, kí ìkan rẹ̀ lè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ da tòmátò, tàtàṣé àti ata tí ẹ ti lọ̀ sí i. Ẹ fi ṣíbí onígi ha ìdí ìkòkò bí ọbẹ̀ ti ń hó. Láàárín ìṣẹ́jú 8 sí 10, omi rẹ̀ yóò fà, òróró yóò sì léfòó.

Ẹ dá adìẹ padà pẹ̀lú omi tí ó ti sun sínú abọ́. Ẹ da omi lítà 1 àti ìdámẹ́rin sí i, kí ẹ fi thym sí i, kí ẹ sì dé e. Kí ó hó fún ìṣẹ́jú 15. Ìgbà yìí ni kí ẹ tọ́ iyọ̀ wò, nítorí omi yìí ni sìpàgẹ́tì yóò mu, bí omi bá sì tẹ́, oúnjẹ yóò tẹ́. Ẹ gbé omi tí ó ṣẹ́ kù gbóná sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ dá sìpàgẹ́tì sí méjì kí ó lè rì sínú omi. Inú àwọn ará Ítálì kò ní dùn sí èyí, ṣùgbọ́n ìkòkò wa ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tò ó kí àwọn kan dábùú àwọn mìíràn, kí ẹ da kárọ́ọ̀tì tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kí ẹ sì fi ṣíbí tẹ gbogbo rẹ̀ wọ inú omi. Ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ ni kókó iṣẹ́ náà: ẹ má ṣe kúrò nídìí rẹ̀, ẹ máa rò ó. Ìgbà yẹn ni ìyẹ̀fun ara sìpàgẹ́tì ń rọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì rò ó, yóò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ìdì igi. Lẹ́yìn náà, ẹ dín iná kù, kí ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá fẹ́ gbẹ kí ó tó jinná, ẹ fi ìpọnbẹ̀ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Omi tútù yóò pa híhó rẹ̀. Ẹni tí ń lo èédú kò lè yí iná sílẹ̀ bí onígáàsì. Kí ó fa èédú díẹ̀ jáde kúrò nínú àdògán.

Nígbà tí omi bá ti ki bí ti àsáró, tí sìpàgẹ́tì sì ṣì le díẹ̀ ní àárín, ẹ da tẹ̀tẹ̀ àti efínrín tí a gé sí i. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ má ṣe dúró kí ó gbẹ pátápátá lórí iná, nítorí ó ń mu omi lọ lẹ́yìn tí a ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹni tí ó bá bọ sìpàgẹ́tì nínú omi púpọ̀, tí ó sì dà á nù, ìyẹ̀fun tí ì bá mú ọbẹ̀ ki ni ó dà sí gọ́tà. Nínú ìkòkò kan ṣoṣo, kò sí ohun tí ó ṣòfò, iná ń pẹ́ lọ́wọ́ wa, ìkòkò kan ni a ó sì fọ̀.

Irú adìẹ tí ó wà lọ́wọ́

Adìẹ inú yìnyín, poulet congelé, ni ó bá àkókò tí mo ka sílẹ̀ yìí mu. Inú fìríìjì ni kí yìnyín rẹ̀ ti yọ́ láti alẹ́ àná, tàbí nínú omi tútù pẹ̀lú ọ̀rá tí a so lẹ́nu. Kí a má ṣe gbé e sínú oòrùn, nítorí ìta rẹ̀ yóò ti máa bàjẹ́ kí inú rẹ̀ tó rọ̀. Ọ̀bẹ àti pákó tí a fi gé e, kí a fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí a tó gé ẹ̀fọ́ lórí wọn. Adìẹ ti jinná nígbà tí kò bá sí pupa mọ́ lẹ́bàá egungun rẹ̀.

Adìẹ ìbílẹ̀ àti àgbébọ̀ ládùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹran wọn le. Ẹ má ṣe bá wọn jà ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú fún ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì tọ́jú ẹran àti omi rẹ̀ sínú fìríìjì. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ fi omi náà rọ́pò apá kan nínú omi tí mo kà sókè, ẹ ó sì fo ìṣẹ́jú 15 tí adìẹ ì bá fi hó.

Lóòótọ́, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá tó kílò 1, ààbọ̀ kílò tí a gé kéékèèké yóò ta adùn rẹ̀ sí gbogbo ìkòkò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ bouillon oníkúùbù. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan péré. Bí ẹ bá lo kúùbù, ẹ dín iyọ̀ kù, pàápàá níbi tí àgbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà. Ààyù, ata ilẹ̀ àti efínrín lè gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ iyọ̀.

Ta ni yóò sè é?

Ìyá nìkan kọ́. Ọmọ tí ó ti lè gbé ìkòkò lè kọ́ ọ, ọkùnrin tàbí obìnrin. Kí ọ̀kan gé kárọ́ọ̀tì, kí èkejì ṣa tẹ̀tẹ̀, kí ẹ̀kẹta dúró ti ìkòkò, kí àgbà kan sì wà nítòsí iná. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọkùnrin tí yóò lọ gbé yàrá ní Kútọnu tàbí ní Lomé fún ẹ̀kọ́ gíga yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ní èyí.

Nígbà tí wọ́n bá sì ń sè é, ẹ fi Yorùbá pe àwọn èlò náà fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ oignon, ail àti gingembre, ṣùgbọ́n wọn kò lè dárúkọ àlùbọ́sà, ààyù àti ata ilẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tí sìpàgẹ́tì fi ń hó tó fún àlọ́ àpamọ̀ mẹ́ta. Bí a bá sì ti bu oúnjẹ tán, kí a pa ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, kí a kó fóònù jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè bí ọjọ́ rẹ̀ ti rí. Kí ó fi Yorùbá dáhùn, bí ó tilẹ̀ ń kọsẹ̀. Kí a má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Oúnjẹ ṣì gbóná, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú jù.