Kọ́mú Tó Bá Ara Mu: Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Ara Wa Ká Tó Rà Á



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ilé kì í sọ ọ́ síta. Ìyá kì í bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ ọ́, ọkọ kì í sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó ilé. Kọ́mú ni. Àwọn tó fún un lórúkọ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán: ó ń kọ́ ọmú. Èyí tí kò bá kọ́ ọmú dáadáa, tó ń fún ni láyà, tó ń gún ni lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrù ni ẹni tó wọ̀ ọ́ ń rù káàkiri. Ìtìjú dára, ẹ̀sìn wa sì yìn ín, ṣùgbọ́n ìtìjú tó ń kó àìsàn bá ni kọ́ ni ẹ̀sìn ní ká ní.

Ẹ wo bí a ṣe ń rà á lọ́jà wa, ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n á da òkìríkà sílẹ̀ lórí tapólì, ọkùnrin tó ń tà á á máa pariwo iye rẹ̀. Arábìnrin wa á bẹ̀rẹ̀, á yára mú méjì kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà rí i, á sanwó, á fi í sábẹ́ híjáàbù. Ojú ló fi wọ̀n ọ́n. Bó bá délé tó rí i pé ó fún, kò sẹ́ni tó máa gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa wọ̀ ọ́ títí yóò fi gbó.

A kò bú ẹni tó ń ra òkìríkà. Ọ̀pọ̀ wa ló fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ti mu òógùn ẹlòmíràn, tó ti bá a lára tímọ́tímọ́, kò yẹ kó di tiwa. Aṣọ àlòkù wà nínú àwọn ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ní kí ẹnikẹ́ni má kó wọlé. Ní Gánà, òfin ọdún 1994 tiẹ̀ dárúkọ pátá àlòkù. Yàtọ̀ sí èyí, rọ́bà inú kọ́mú àlòkù ti fà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló tún fẹ́ gbé dúró?

Ooru Òkè-Ògùn kì í ṣeré. Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí ìyá tó kúrò nídìí agbada gàrí, òógùn ti mu aṣọ ara rẹ̀ tán. Ibi tí ọmú ti kan àyà, tí afẹ́fẹ́ kò dé, ara á pọ́n, á máa yún, á bó. Kòkòrò tó fẹ́ràn ọ̀rinrin ló ń ṣe é, kọ́mú tó fún ló sì ń mú un le. Bí kọ́mú bá fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, omi ọmú lè dí sójú kan, ọmú á wú, á gbóná, ibà á dé. Kó tètè lọ sílé ìwòsàn, kó má sì torí rẹ̀ gba ọmú lẹ́nu ọmọ.

Àwọn kan ń sọ pé kọ́mú, pàápàá èyí tó ní wáyà, ló ń fa jẹjẹrẹ ọmú. Ìwádìí tí ilé ìwádìí Fred Hutchinson ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2014 kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí kókó bá yọ sínú ọmú, ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa dá kọ́mú lẹ́bi. Ẹ lọ rí dókítà.

Ohun tí a nílò kò ju téèpù télọ̀ lọ. Ẹ wọ yàrá, ẹ tilẹ̀kùn. Ẹ fi téèpù yí ara ká lábẹ́ ọmú, kó fara mọ́ ara, ẹ kọ iye ínǹṣì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún fi yí ibi tí ọmú ti yọ jù, láìfún un. Ìyàtọ̀ 1 ni A, 2 ni B, 3 ni C, 4 ni D. Ẹni tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 34, tí òkè jẹ́ 37, 34C ni kó bèèrè. Bó bá wọ̀ ọ́, ìka méjì ló yẹ kó lè wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn; okùn èjìká kò gbọdọ̀ fi ojú ilà sára. Ìkọ́ tó dẹ̀ jù ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí rọ́bà yóò fà bó bá yá. Kó wá tẹ̀ bíi pé ó ń ṣe rúkúù, kó forí kanlẹ̀. Èyí tí kò bá jẹ́ kéèyàn fara balẹ̀ kírun, kò bá a mu.

Ní ti ibi tí a ó ti rà á, a rò pé orí fóònù dára ju orí tapólì lọ. Jumia ti ń tajà ní Nàìjíríà láti 2012, àwọn arábìnrin tó ń tà lórí WhatsApp náà sì pọ̀. Nínú ilé ni èèyàn á ti yàn án, kò sí ọkùnrin tí yóò máa wo àyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba ọgbọ́n, àwa fúnra wa ti jìyà rẹ̀. Àwa mélòó kan dáwó jọ, a rà á lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a gbà á ní gáréèjì. Nígbà tí a ṣí i, 75, 80 àti 85 ló wà lára wọn. Ó fún àwọn kan, ó tóbi fún àwọn kan, ẹni tó tà á kò sì gbé fóònù mọ́. A ti wá mọ̀ pé ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà ni: 75 ni 34, 80 ni 36, 85 ni 38. Ká sòótọ́, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òǹtajà nìkan. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó wọn ara rẹ̀. Nọ́ńbà ara òkìríkà àtijọ́ la kọ ránṣẹ́.

Nínú ìlànà Ímáàmù Màlíkì tí à ń tẹ̀lé, a lè ra ọjà tí a kò rí bí wọ́n bá ṣàpèjúwe rẹ̀ yékéyéké. Bó bá wá yàtọ̀ sí àpèjúwe, a lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ bákan náà. Nítorí náà, ẹ bèèrè ìwọ̀n, irú aṣọ tí wọ́n fi ṣe é àti bóyá wọ́n ń gbà á padà, kí ẹ tó sanwó. Ẹ tọ́jú àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ. Orí síńgílẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti gbìyànjú rẹ̀, ẹ má sì tíì já bébà ara rẹ̀. Ẹ̀yin òǹtajà náà, ẹ rántí pé súrà Al-Mutaffifin sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù.

Ẹ̀yin ọkọ, aṣọ ìyàwó wà lára ẹrù yín, aṣọ sì ni kọ́mú. Méjì tó bá ara mu sàn ju mẹ́fà tí kò bá a mu. Ẹ̀yin ìyá, ọmọbìnrin tí àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kò yẹ kó máa tẹ èjìká wálẹ̀ lọ sílé ìwé nítorí ìtìjú. Ẹ pè é wọ yàrá, kí ẹ mú téèpù lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fọ kọ́mú, ẹ sá a sóòrùn, ẹ má fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ balùwẹ̀. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí okùn. Ẹ má sì fi owó sínú rẹ̀. Ọwọ́ tó ti kan náírà yẹn kò lóǹkà.

Ìmọ́tótó tí à ń wá nípa àlùwàlá yẹ kó dé ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé. Kí Ọlọ́hun fi ìlera jíǹkí àwọn ìyá, ìyàwó àti ọmọ wa. Àmín.