"Ó ti ń ṣiṣẹ́" kì í ṣe ìdáhùn

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìwádìí mi ló yẹ kí n máa kọ lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n lè ráyè sùn.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, wọ́n ní ká so iLO àti iDRAC ara àwọn server wa mọ́ Active Directory. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí nídìí iṣẹ́ yìí: kọ̀ǹpútà kékeré kan ló wà nínú ikùn server. Bí ẹ bá pa server, kékeré yẹn ò ní sùn, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń wọlé. Èèyàn lè jókòó sí Peckham níbí kó tan server tó wà ní Manchester, kó pa á, kó tiẹ̀ gbá gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ dànù. Active Directory ní tiẹ̀ ni ìwé orúkọ ilé iṣẹ́: ta ni ọ́, ṣé password rẹ nìyí, inú ẹgbẹ́ wo lo wà.

Mo so ó, ó kọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní, "Àbúrò, pa certificate validation yẹn." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò dáa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ àti PhD rẹ. Inú ilé la wà, ta ló fẹ́ rí wa?" Wọ́n pa á, ó wọlé. "Ṣó o rí i? Ó ti ń ṣiṣẹ́."

Mi ò rí nǹkan kan o. Ẹ wò ó, ká fi ọ̀rọ̀ gba port 636 dà bíi ká fi owó sínú àpòòwé ká lẹ̀ ẹ́ pa. Certificate ló ń sọ ọwọ́ ẹni tí à ń fi í lé. Ta ni nínú yín tó máa gbé owó tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà dúró ní Rye Lane, nítorí pé ó ti lẹ àpòòwé pa? Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní Active Directory lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa máa gba password ọ̀gá tó ń wọlé, password yẹn kan náà ló sì ń ṣí ímeèlì àti fáìlì. Olè tí ì bá jí yàrá kan ti gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé. 389 tí kò ní ààbò ńkọ́? Ìyẹn ò tiẹ̀ ní àpòòwé rárá.

"Inú ilé la wà" kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe PhD, ṣé ẹ rántí October 2023, tí wọ́n kọlu British Library, tí EThOS pòórá? Ìròyìn tí ilé ìkàwé náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní March 2024 sọ pé server kan tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé láti òkèèrè, tí kò ní ìdánilójú ẹlẹ́ẹ̀kejì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ olè. Ní June 2024, wọ́n kọlu Synnovis, wọ́n sì ní láti sún iṣẹ́ abẹ síwájú ní King's College Hospital, Denmark Hill níbí, níbi tí àwọn ìyá àti àǹtí wa ń ṣiṣẹ́. Mi ò sọ pé iLO ló fa èyíkéyìí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé olè máa ń wọlé, lẹ́yìn náà ló máa ń wá ilẹ̀kùn inú tí a ò tì.

Kékeré yẹn gan-an ò kì í ṣe òkúta. Ní 2017, ẹni tó bá fi lẹ́tà A mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ránṣẹ́ sí iLO 4 tí wọn ò tíì tún ṣe máa wọlé láìsí password.

Àwọn kan á ní, "Má so ó nígbà yẹn, jẹ́ kí gbogbo wa máa lo root." Mi ò gbà. Bí ẹnì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ta ló máa lọ yí password padà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan? Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, "root" ni wọ́n máa bá nínú àkọsílẹ̀. Èmi tí físà mi so mọ́ ibi tí mo wà, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mi sí.

Ẹ mọ ohun tó fà á tó fi kọ̀? Nọ́ńbà IP la kọ síbẹ̀, orúkọ ló wà lára certificate. Mo kọ orúkọ, mo fi certificate CA wa sí i, mo tún aago ẹ̀rọ náà ṣe, mo dá àyẹ̀wò padà. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ohun tó kù ò le: ẹ ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn sọ́tọ̀, ẹ fún àwọn èèyàn díẹ̀ láyè, kí àkáǹtì tó ń wá orúkọ máa kàwé nìkan, ẹ pa IPMI bí ẹ ò bá lò ó. Ẹ tọ́jú àkáǹtì abẹ́lé kan, password gígùn, sínú àpótí fún ọjọ́ tí Active Directory bá dákú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi certificate èké dán an wò. Bó bá wọlé, ẹ ò tíì parí.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ka èyí, ẹ má bínú. Àmọ́ bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá ní àwíjàre kó wí i nísàlẹ̀, mo ṣì wà lójúfò.