Ìwé Tí Ayé Ń Yìn, Tí Kò Dùn Mọ́ Wa

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú wa. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí a sọ ọ́ jáde. Ìwé kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kan sáárá sí, tí àwọn olóṣèlú ń dárúkọ rẹ̀ lórí pèpéle, tí àwọn olùkọ́ sì ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tí kò bá kà á kò tíì mọ̀wé. *Nineteen Eighty-Four* ni orúkọ rẹ̀. George Orwell, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́. Oṣù Kẹfà ọdún 1949 ni ó jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ó sú wa lójú ọ̀nà, a sì gbé e padà sórí pẹpẹ. Nígbà tí a kà á tán lẹ́ẹ̀kẹta, ayọ̀ kọ́ ni ó bá wa. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó sọ ẹrù kalẹ̀.

A kò wí pé ìwé náà kò dára. Kò dùn ni a wí, ọ̀tọ̀ sì ni méjèèjì. Orwell ti ṣe ọlọ́pàá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Bọ́mà láti ọdún 1922 dé 1927 (ilẹ̀ Bọ́mà kan náà tí àwọn baba wa lọ jagun sí lẹ́yìn náà), nítorí náà ó mọ bí a ti ń fi ẹ̀rù ṣàkóso ènìyàn. Pẹ̀lú ikọ́ ife lára ni ó fi kọ ìwé náà parí ní erékùṣù Jura, ní ilẹ̀ Scotland. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1950, ó kú ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ta ni yóò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn náà. Winston Smith ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yí ìwé ìròyìn àtijọ́ padà, kí ohun tí ìjọba wí lánàá lè bá ti òní mu. Ẹ̀rọ ara ògiri ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ó fẹ́ obìnrin kan, Julia. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dá a lóró títí ó fi gbà pé méjì lé méjì lè di márùn-ún bí ẹgbẹ́ bá ti wí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a fi *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti Fágúnwà, tí ó jáde ní ọdún 1938, kọ́ bí a ti ń gbádùn ìwé, a mọ̀ pé bí igbó ti wù kí ó burú tó, Àkàrà-Oògùn yóò padà wálé wá ròyìn. Winston kò padà. Kò sí àwàdà gidi nínú ìwé náà, kò sí àgbà tí ó lè gbani nímọ̀ràn, Winston alára kò sì rọrùn láti fẹ́ràn.

Níbi tí ó ti le jù, Winston ń ka ìwé ìṣèlú kan sókè fún Julia, ojú-ìwé lórí ojú-ìwé. Julia sùn lọ. Àwa náà sùn. Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń yan ìwé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù tilẹ̀ bẹ Orwell pé kí ó yọ apá yìí kúrò, àti àfikún tí ó wà ní ìparí. Ó kọ̀ jálẹ̀, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé owó ńlá lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n sì gbà á bí ó ti wà. Ní ti apá tí Julia sùn sí, àwa ìbá bá ará Amẹ́ríkà lọ.

Kí ni ó wá mú wa sọ èyí fáyé gbọ́? Nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, a kọ àròkọ kan tí a fi yin ìwé yìí dé òkè, a sì gba máàkì púpọ̀. Ní ọjọ́ náà, a kò tíì kà ju ogójì ojú-ìwé lọ. Irọ́ ni a fi gba máàkì, irọ́ nípa ìwé tí a kọ láti tako irọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dá wa lóhùn: bí ọmọ kan bá dìde nínú kíláàsì yín tí ó ní, "Tíṣà, ìwé yìí kò dùn mọ́ mi," ṣé ẹ ó bi í pé níbo ni ó ti sú u, tàbí ẹ ó ní kí ó jókòó?

Ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú pẹ̀lú. Bí ìjọba ẹgbẹ́ kejì bá mú oníròyìn kan, kíá ni ẹ ó pariwo Orwell; bí tiyín bá ṣe irú rẹ̀, ìwé náà a di ìtàn àwọn ará Rọ́ṣíà. Orwell fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní ọdún 1949 pé òun kò fi ìwé náà gbógun ti ètò sóṣálíìsì, tàbí ti ẹgbẹ́ Lébọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun ń tì lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ó jókòó sí, síbẹ̀ ó kìlọ̀ fún ayé pé ibi tí ó ń bẹ̀rù lè hù níbikíbi. Mélòó nínú wa ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí a má baà ṣèké lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan wà nínú ìwé náà tí kò jẹ́ kí a sùn. Ìjọba Winston ń hun èdè tuntun, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún. "Burúkú" yóò parẹ́, "àìdára" nìkan ni yóò ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa gé e títí tí ènìyàn kò fi ní rí ọ̀rọ̀ tí ó lè fi ro èrò ọ̀tẹ̀. Nígbà tí a ka ibẹ̀, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni ó wá sí wa lọ́kàn. Àwọn ọmọ tí a ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ yìí nítorí pé wọ́n sọ Yorùbá ni a rántí, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí wa mọ̀ tí àwa kò mọ̀ mọ́.

Àfikún tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ gé dànù ni Orwell ti ṣàlàyé èdè náà ní kíkún. A ó gbé ìwé náà lẹ́ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ní tòní.